Ṣé Orúkọ Ọlọ́run Tí A Kò Pè Ló Ń Dí Àdúrà Lọ́wọ́?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Aṣáájú tuntun tí wọ́n yàn fún ẹgbẹ́ afàdúràjà wa pín ìwé kan fún wa tó kún fún orúkọ Ọlọ́run: Jèhófà-Jirè fún owó, Jèhófà-Ráfà fún àìsàn, Jèhófà-Nisì fún ọ̀tá, El-Ṣadáì fún àgàn. Wọ́n ní ká máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀méje láàrin òru, pé àdúrà tí a kò fi orúkọ tó bá a mu gbà kì í dé ibi tó ń lọ. Ẹlòmíràn nínú ìjọ tún ní Jèhófà gan-an kọ́ ni orúkọ náà, Yahweh ló tọ̀nà, àti pé orúkọ òrìṣà ni Olódùmarè. Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. 'Baba, Olúwa mi' nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n pè. Ṣé àdúrà wọn láti ọjọ́ yìí ti já sófo ni?"

Arábìnrin wa, ẹ kú àfọkànsìn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ màmá kúrò nílẹ̀, torí mo rí i pé òun gan-an ló gbé yín dé ìdí kálàmù. Àdúrà wọn kò já sófo rárá. Nígbà tí ọmọ ẹ̀yìn kan ní kí Jésù kọ́ àwọn bí a ṣe ń gbàdúrà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú Lúùkù orí 11, "Baba" ni ọ̀rọ̀ tó fi sí wọn lẹ́nu. Kò sí Jèhófà-Jirè nínú àdúrà yẹn, bẹ́ẹ̀ a tọrọ oúnjẹ òòjọ́ nínú rẹ̀. Kò sí Jèhófà-Nisì níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ní kí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ ibi, bí Mátíù ṣe kọ ọ́. Ní òru Gẹtisémánì pẹ̀lú, "Ábbà, Baba" ni Máàkù ní Jésù pè. Bí orúkọ kan bá wà tó ń ṣílẹ̀kùn tí "Baba" kò lè ṣí, òru ọjọ́ náà ló yẹ ká gbọ́ ọ. Ohun tí Ọmọ ní ká máa pè ni màmá ń pè.

Àmọ́ mi ò ní sọ pé irọ́ ni ìwé tí wọ́n pín fún yín látòkè délẹ̀. Àwọn orúkọ náà wà nínú Bíbélì, wọ́n lọ́wọ̀, wọ́n sì dùn lẹ́nu ẹni tó mọ ìtàn wọn. Ibi tí nǹkan ti dàrú ni pé ohun mẹ́ta ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ra: orúkọ, oyè, àti oríkì. Ọmọ Èkìtì kò sì yẹ kó ṣi ìyẹn gbọ́. Èwí kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọba Adó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni Ògògà kì í ṣe orúkọ àbísọ ọba tiyín ní Ìkẹ́rẹ́. Oyè ni. Bí ọba bá sì ti gorí ìtẹ́, ará ìlú kì í kàn ṣàdédé la orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́, Kábíyèsí ni. Oríkì tún yàtọ̀ sí méjèèjì, nítorí ìṣe àti ìtàn ló ń bí i. Nínú Bíbélì, orúkọ kan ṣoṣo ni Májẹ̀mú Láéláé fún Ọlọ́run bí orúkọ àbísọ, lẹ́tà Hébérù mẹ́rin tí a máa ń kọ ní YHWH, ó sì fara hàn níbẹ̀ ní ìgbà tó lé ní 6,800. Ọlọ́run, Olúwa, Ọ̀gá-ògo, Olódùmarè, OLÚWA àwọn ọmọ-ogun: ipò àti agbára ni ìwọ̀nyẹn ń sọ, oyè ni wọ́n. Àwọn tó kún inú ìwé yín, Jirè, Ráfà, Nisì àti ẹgbẹ́ wọn, oríkì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí Ọlọ́run ṣe ní ibì kan, lọ́jọ́ kan, ló bí wọn.

Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì 22, kí ẹ má fò ó. Jèhófà-Jirè kì í tilẹ̀ ṣe ohun tí Ábúráhámù fi pe Ọlọ́run nígbà tó ń tọrọ nǹkan. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí àgbò ti fara hàn nínú pàǹtí, lẹ́yìn tí ọ̀bẹ ti kúrò lọ́rùn Ísákì. Orúkọ òkè kan ni. Kò bèèrè owó lọ́jọ́ náà; ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó mú wá. Ẹni tó bá ń pe Jirè nítorí owó ilé, tí kò fẹ́ gbọ́ apá ibi tí Ọlọ́run ti bèèrè nǹkan lọ́wọ́ Ábúráhámù, ìdajì ìtàn ló dì mú. Jèhófà-Nisì nínú Ẹ́kísódù 17 jẹ́ orúkọ pẹpẹ tí Mósè tẹ́ lẹ́yìn ogun. Kí pẹpẹ yẹn tó dé, Jóṣúà ti fi idà jà, ọwọ́ Mósè ti ro ó títí Áárónì àti Húrì fi bá a gbé e ró di àṣálẹ́. Àwọn Ámálẹ́kì tí wọ́n sì bá jà náà, Diutarónómì 25 sọ ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n ń gba ẹ̀yìn pa àwọn tó ti rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ tó ń bá yín du oníbàárà kì í ṣe Ámálẹ́kì o. Mo sọ èyí nítorí mo mọ bí wọ́n ṣe ń lo orúkọ yìí nínú ìṣọ́ òru.

El-Ṣadáì náà, tí Bíbélì wa pè ní Ọlọ́run Olódùmarè ní Jẹ́nẹ́sísì 17. Ábúráhámù jẹ́ ẹni ọdún 75 nígbà tó kúrò ní Háránì pẹ̀lú ìlérí lọ́wọ́. Ẹni ọdún 99 ni nígbà tí Ọlọ́run fi orúkọ yìí hàn án, ohun tó sì tẹ̀ lé orúkọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni "máa rìn níwájú mi," lẹ́yìn náà ìkọlà. Ó di ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún kí Ísákì tó dé. Obìnrin tó ń wojú Olúwa fún ọmọ lè fi orúkọ yìí gba agbára, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ẹni tó bá sì sọ fún un pé òru méje péré ló kù, ó ti sọ ohun tí ìtàn náà kò sọ. Ráfà kò tilẹ̀ gba àlàyé púpọ̀: Ẹ́kísódù 15 ló wà, lẹ́yìn omi kíkorò Márà, ó sì ní "bí ìwọ bá fetí sílẹ̀" nínú. Kí ẹ má baà fi dá ẹnikẹ́ni dúró nílé dípò ọsibítù, ẹ ka Àìsáyà 38. Ọlọ́run ti ṣèlérí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún Hesekáyà, síbẹ̀ wòlíì náà ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀.

Nínú àwọn tí ẹ kọ ránṣẹ́, mi ò rí OLÚWA Òdodo Wa, tó wà ní Jeremáyà 23. Mi ò rí OLÚWA tó yà yín sí mímọ́, ti Ẹ́kísódù 31. Dájúdájú mi ò sì rí Òjòwú, bẹ́ẹ̀ Ẹ́kísódù 34 ẹsẹ 14 sọ ọ́ gbangba pé orúkọ rẹ̀ ni. Bóyá wọ́n wà lójú ewé kejì. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀, ó hàn pé ohun tí a ń wá ni wọ́n fi ṣa orúkọ jọ, kì í ṣe ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Orí kan náà yẹn, ẹsẹ 5 sí 7, ni Ọlọ́run ti pòkìkí orúkọ ara rẹ̀ fún Mósè, ẹ ò sì ní rí owó tàbí ọ̀tá níbẹ̀: aláàánú, olóore-ọ̀fẹ́, onípamọ́ra, ẹni tí oore àti òtítọ́ rẹ̀ pọ̀, tó ń dárí jini, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹlẹ́bi lọ láìjìyà. Ìwà ló kà sílẹ̀. Bí mo bá máa há ohun kan sórí nípa orúkọ Ọlọ́run, ẹsẹ mẹ́ta wọ̀nyẹn ni.

Ní ti Jèhófà àti Yahweh, ẹni tó bá yín jiyàn ní òótọ́ díẹ̀ lẹ́nu, ó kàn lò ó ju bó ṣe yẹ lọ ni. Hébérù àtijọ́, kọ́ńsónáǹtì nìkan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Fáwẹ̀lì ń bẹ lẹ́nu òǹkàwé. Nígbà tó yá, nítorí òfin tó ní kí a má ṣe pe orúkọ OLÚWA lásán, àwọn Júù kò pe orúkọ náà jáde mọ́ nínú ìwé kíkà; "Adonai", Olúwa mi, ni wọ́n ń kà dípò rẹ̀. Àwọn akọ̀wé tí wọ́n wá fi àmì fáwẹ̀lì sí ìwé mímọ́ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà sí ìkẹwàá lẹ́yìn Kírísítì fi àmì ti Adonai sára lẹ́tà mẹ́rin yẹn, kí òǹkàwé lè rántí èyí tó yẹ kó pè. Àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yúróòpù tó kà á papọ̀ lẹ́yìn náà ni Jèhófà ti wá. Yahweh ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ó sún mọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí alààyè kan tó gbọ́ ọ lẹ́nu Mósè. Ẹ̀yin náà sì ti ń pe ìkékúrú rẹ̀ láti kékeré láìfura: "yà" tó gbẹ̀yìn Halelúyà ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Bíbélì Yorùbá ti bá yín ṣe iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Ẹ wo Sáàmù 110 ẹsẹ 1: "OLÚWA wí fún Olúwa mi." Èyí tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ látòkè délẹ̀ dúró fún lẹ́tà mẹ́rin náà, ìkejì jẹ́ oyè tí a ń fún ẹni tó juni lọ. Ibi díẹ̀ ni wọ́n ti fi Jèhófà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Jèhófà, bíi Ẹ́kísódù 6 ẹsẹ 3 àti Sáàmù 83 ẹsẹ 18. Àwọn àpósítélì pàápàá, Gíríìkì ni wọ́n fi kọ̀wé, "Olúwa" ni wọ́n sì lò. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí àwọn ará Róòmù, ní orí 10 ẹsẹ 13, pé ẹnikẹ́ni tó bá ké pe orúkọ Olúwa ni a ó gbà là, ọ̀rọ̀ Jóẹ́lì ló ń sọ, lẹ́tà mẹ́rin yẹn ló sì wà nínú ti Jóẹ́lì. Pọ́ọ̀lù gbọ́ Hébérù. Bí ìgbàlà bá wà lára bí ahọ́n ṣe yí orúkọ náà, òun kọ́ ni ì bá kọ Olúwa síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pe Jèhófà, kó pè é. Ẹni tó fẹ́ Yahweh, kó pè é. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìkan nínú wọn ti ìkejì jáde kúrò nínú ìjọ.

Ẹni tó bá tẹjú mọ́ Ẹ́kísódù 6 ẹsẹ 3 dáadáa yóò rí ìṣòro kan. Ọlọ́run ní òun kò fi orúkọ náà hàn fún Ábúráhámù, bẹ́ẹ̀ Ábúráhámù ti sọ Jèhófà-Jirè ṣáájú. Àwọn kan ní wọ́n gbọ́ orúkọ náà ṣùgbọ́n wọn kò tíì rí ohun tó túmọ̀ sí títí di ọjọ́ ìtúsílẹ̀ ní Íjíbítì. Àwọn mìíràn ní ẹni tó kọ Jẹ́nẹ́sísì ló fi orúkọ tí ìgbà tirẹ̀ mọ̀ sọ ìtàn àtijọ́. Èyí àkọ́kọ́ ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ òdodo wà ní apá méjèèjì, wọ́n sì jọ ń gba ara Olúwa.

Olódùmarè ńkọ́? Àwọn oníṣẹ̀ṣe gan-an kò kà á mọ́ òrìṣà. Òun ni wọ́n ní ó wà lókè gbogbo wọn. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì Yorùbá, tí Àjàyí Crowther ṣáájú wọn, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n fi orúkọ náà sí ipò El-Ṣadáì. Ábúráhámù fúnra rẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀ rí. Melikisédékì, àlùfáà ní Sálẹ́mù, ń pe Ọlọ́run ní Ọ̀gá-ògo. Ní Jẹ́nẹ́sísì 14 ẹsẹ 22, Ábúráhámù gba oyè yẹn, ó sì fi orúkọ OLÚWA ṣáájú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣì í mú. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo oyè ló ń la àyẹ̀wò yìí já. "Báálì" kò ju olúwa tàbí ọkọ lọ ní èdè wọn, síbẹ̀ ní Hóséà 2 ẹsẹ 16 Ọlọ́run ní kí wọ́n má fi pe òun mọ́, nítorí òrìṣà ti gbà á lọ. Nítorí náà ẹ máa gbé oríkì wò kí ẹ tó gbé e wọ inú àdúrà. Atẹ́rẹrẹ káríayé bá Jeremáyà 23 ẹsẹ 24 lọ. Alágbádá iná kò jìnnà sí Sáàmù 104, níbi tó ti fi ìmọ́lẹ̀ bora bí aṣọ. Ọba adákẹ́dájọ́ dùn púpọ̀, Sáàmù 50 sì ràn án lẹ́yìn ní ẹsẹ 21, "èmi sì dákẹ́," ṣùgbọ́n ẹsẹ 3 Sáàmù kan náà ní Ọlọ́run wa ń bọ̀, kì yóò sì dákẹ́. Ẹni tó bá ń kì í bẹ́ẹ̀, kó má fi ọkàn dúró síbi ìdákẹ́jẹ́ nìkan. Nígbà tí àwọn ará Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti àwọn ọmọ ìjọ Àpósítélì ti Kristi (CAC) bá sì ń pe "Ọlọ́run Bàbálọlá", nítorí Joseph Ayọ̀ Bàbálọlá, àpósítélì tí wọ́n sin síbẹ̀, Ẹ́kísódù 3 ẹsẹ 15 ni wọ́n ń tẹ̀ lé, níbi tí Ọlọ́run ti so orúkọ ara rẹ̀ mọ́ Ábúráhámù, Ísákì àti Jékọ́bù. Kò sí àléébù níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ Ọlọ́run rẹ̀ ni à ń ké pè, tí kì í ṣe òun.

Kí ló wá mú kí ẹ̀kọ́ "ẹ̀ẹ̀méje láàrin òru" rọrùn fún wa láti gbà? Ọfọ̀ ni. Nínú ọfọ̀, ẹni tó mọ orúkọ àbísọ nǹkan, tó mọ bó ṣe dáyé, ló lè pàṣẹ fún un: ewé, ejò, iná, tí a bá ti pe orúkọ rẹ̀ gan-an, kò ní lè ṣàìjẹ́. Etí yẹn ni ọ̀pọ̀ wa fi ń gbọ́ orúkọ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ọlọ́run dáyé? Mósè bèèrè orúkọ, "Èmi ni ẹni tí ó wà" ni ìdáhùn. Jékọ́bù bèèrè ní Péníélì, wọn kò sọ ọ́ fún un, síbẹ̀ ó gba ìbùkún rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mánóà, baba Sámúsìnì, bèèrè, ohun tí wọ́n bi í ni ìdí tó fi ń bèèrè ohun tó jẹ́ ìyanu. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró nítorí orúkọ tí kò mọ̀. Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe tòní láàrin àwọn aládùúrà wa náà. Orúkọ àjèjì tí Ositelu ará Ògèrè, tó dá ìjọ Church of the Lord (Aladura) sílẹ̀, ń lò nínú àdúrà wà lára ohun tó fà á tí òun àti àwọn aṣáájú Faith Tabernacle, ẹgbẹ́ aládùúrà ìgbà náà, fi pínyà ní 1931.

Ẹ má rò pé orúkọ Jésù yọ nínú èyí. Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 19 sọ ti àwọn ọmọ Síkéfà méje tó pe orúkọ Jésù lé ẹlẹ́mìí èṣù lórí, tí wọ́n sì sá jáde ní ìhòòhò pẹ̀lú ọgbẹ́. Orúkọ náà tọ̀nà, wọ́n pè é dáadáa. Ohun tí wọn kò ní ni pé wọn kò mọ ẹni tó ni ín, òun náà kò sì rán wọn. Gbígbàdúrà "ní orúkọ Jésù" ni pé a dúró lórí iṣẹ́ tó ṣe, a sì ń bèèrè ohun tó lè fọwọ́ sí. 1 Jòhánù 5 ẹsẹ 14 fi kún un pé gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ rẹ̀. Ìdí tí ẹni kan fi ń rí ìdáhùn lọ́la tí ẹlòmíràn fi ń dúró lógún ọdún, kò sí ìwé orúkọ kankan tó lè ṣàlàyé rẹ̀, èmi náà kò ní àlàyé rẹ̀.

Ẹ má jó ìwé náà. Ẹ mú orúkọ kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ ka gbogbo orí tó ti jáde, kì í ṣe ẹsẹ rẹ̀ nìkan. Ẹ wo ẹni tó sọ ọ́, ibi tó wà, ohun tó ń bà á lẹ́rù, àti ohun tí Ọlọ́run ṣe. Gídíónì, fún àpẹẹrẹ, tẹ́ pẹpẹ Jèhófà-Ṣálómù nígbà tí ogun Mídíánì kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, tó ṣì ń fara pa mọ́ lu ọkà níbi ìfúntí. Ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ náà dúpẹ́ fún ohun tó ti ṣe, lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ ẹ̀dùn ọkàn yín ní ọ̀rọ̀ ẹnu yín, bí màmá ṣe ń ṣe. Bí ẹ bá pè é lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Bí ayọ̀ bá mú yín pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìyẹn náà kò burú. Kíkà á bí ìlẹ̀kẹ̀ kí ó lè "ṣiṣẹ́" ni Mátíù 6 ẹsẹ 7 kọ̀.

Ẹ má bá aṣáájú yín jiyàn lójú ẹgbẹ́. Ẹ bá wọn nílé, ẹ mú Ìṣe 19 àti Ẹ́kísódù 34 dání, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín ka méjèèjì, torí ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe gbé e fún yín. Bí wọ́n bá gbà, ẹ lè jọ lo àwọn orúkọ yẹn fún ẹ̀kọ́ Bíbélì kí ìṣọ́ òru tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì di pé wọ́n ń gba owó lórí "orúkọ àṣírí" tí kò sí nínú Bíbélì kankan, tàbí wọ́n ní kí ẹni tó wà lórí oògùn pa oògùn tì, ẹ fi tó àlùfáà ìjọ létí lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì yẹra fún ìṣọ́ òru ẹgbẹ́ náà títí wọn yóò fi yanjú rẹ̀.